Òróró fún Oníbodè Kusargad

Àwọn tó ń gun òkè wá láti Pune a máa bi mí pé, "Ìyá onítíì, ta ni màmá tó ń fi òróró pa òkúta lókè yẹn?" Bí inú mi bá dùn, màá ní kí wọ́n jókòó kí n sọ fún wọn. Bí inú mi ò bá dùn, màá ní kí wọ́n sanwó tíì kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni inú mi kì í dùn, torí ẹni tó ń béèrè yẹn gan-an ti sọ òkò lu òkúta náà kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

Anusaya lorúkọ rẹ̀. Ọdún kan náà ni èmi àti ẹ̀ wọlé ọkọ ní Kusarwadi, èmi ní àdúgbò àwa Koli, ìran apẹja, lẹ́bàá odò, òun ní àdúgbò àwọn Mahar, lẹ́yìn ìlú pátápátá, níbi tí omi ìdọ̀tí gbogbo wa ń ṣàn lọ. Láyé ìgbà náà, ìran tiwọn kò gbọdọ̀ fa omi ní kànga wa. Wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí ẹnì kan á fi ṣàánú wọn. Ìyá ọkọ mi a máa da omi sínú ìkòkò Anusaya láti òkè, kí korobá má baà kan ìkòkò, bí ẹni ń bomi rin òdòdó. Èmi á dúró lẹ́yìn ìyá ọkọ mi, òun á bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ nídìí ìkòkò, a ó máa wo ara wa. Ìyàwó kékeré ni wá, àárò ilé baba wa ń sọ àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọ̀rẹ́, láìsọ̀rọ̀.

Veskar ni wọ́n ń pe ìdílé ọkọ rẹ̀, ìyẹn oníbodè. Ẹni tó bá gbọ́ Veskar ní ilẹ̀ wa ti mọ ìran tó o ti wá, kò tún ní bi ọ́ ní nǹkan míì. Láyé ogun, bàbá ńlá wọn kan tó ń jẹ́ Yesnak ló ń ṣọ́ ẹnubodè Kusargad, odi orí òkè. Àwọn obìnrin ilé náà ní orin rẹ̀, orin tí wọ́n ń kọ nídìí ọlọ bí wọ́n bá ń lọ ọkà bàbà. Orin náà ní àwọn ọ̀tá mú ìyàwó Yesnak àti ọmọ rẹ̀ ní abúlé, wọ́n kó wọn wá sí iwájú ẹnubodè, wọ́n ní kó ṣílẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á pa wọ́n lójú ẹ̀. Yesnak yọjú lórí odi, ó wò wọ́n dáadáa, ó ní, "N ò mọ̀ wọ́n rí." Ìyàwó rẹ̀ ń pè é, ọmọ ń pè é, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Àwọn ọ̀tá bá rò pé àwọn ti mú ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n lé obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ dànù sínú igbó. Ọmọ yẹn ni gbogbo ilé Veskar ti ṣẹ̀. Ní ti Yesnak, ibi ẹnubodè náà ló kú sí. Ẹ̀yìn ni àwọn ọ̀tá gbà wọlé níkẹyìn, orin náà kò sì fi bò pé olórí odi fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí wọn. Ilé Nimbhore, àwọn onílẹ̀ wa, ni àrọ́mọdọ́mọ olórí odi. Ẹ rántí ìyẹn.

Wọ́n ri òkúta kan mọ́lẹ̀ fún Yesnak lẹ́bàá ẹnubodè, wọ́n gbẹ́ ọkùnrin tó di ọ̀pá mú sí i lára. Láàárọ̀ ọdún Dasara, nígbà tí wọ́n bá gbé ìtẹ́ Ìyá Kusarai, òrìṣà wa, jáde láti inú odi, àwọn tó gbé e léjìká gbọ́dọ̀ dúró níbi òkúta yẹn. Ìyàwó ilé Veskar á da òróró lé òkúta, á fi ìyẹ̀fun pupa kùn ún, á tan fìtílà kan síbẹ̀. Àwọn tó gbé ìtẹ́ á wí pé, "Oníbodè, a ń jáde o." Obìnrin náà á dáhùn pé, "Ẹ máa jáde, ẹ padà wálé." Kó tó dáhùn, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀. N ò ní purọ́ fún yín pé ìlú fẹ́ràn wọn. Lọ́jọ́ ọ̀wọ̀ yẹn náà, wọn kì í jẹ́ kí òjìji obìnrin náà kan ìtẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbogbo ìlú dúró de ohùn obìnrin Mahar. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Anusaya dáhùn, lẹ́yìn tí ìyá ọkọ rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ já gaara. Èmi wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ ké.

Ọkọ rẹ̀ kú sí ilé iṣẹ́ aṣọ ní Mumbai, ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, Sandesh. Anusaya fi iṣẹ́ oko olóko tọ́ ọ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí, ó sì di ẹni ńlá ní báńkì kan ní Pune. A ní ìyà ti tán nìyẹn. Ṣé ẹ rí ayé?

Òǹkọ̀wé kan ló wá láti Pune, Madhavrao Rajwalkar, ọkùnrin tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó ń wọ aṣọ funfun báláú. Ó ní òun ń kọ ìtàn nípa odi wa. Ilé Nimbhore ni wọ́n fi í wọ̀ sí jálẹ̀ ìgbà òjò, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́tà àti oúnjẹ dídùn bọ́ ọ. Kò rìn dé àdúgbò Anusaya lọ́jọ́ kan, ó ní ẹrẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ìwé jáde, ta ni ẹ rò pé ó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá? Yesnak ni o. Ọ̀mùtí ni Yesnak inú ìwé, ẹni tó gba ìkòkò ọtí àti àpò wúrà, tó sì ta ìlú. Olórí odi wá di akọni tó kú tòun tidà lọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ìwé náà dùn, ká sòótọ́. Ọmọ mi kà á fún mi, mo sì sunkún níbi tí olórí odi ti kú, kí n tó rántí pé irọ́ ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn olùkọ́ ń kà á fún ọmọ iléèwé, wọ́n fi ṣe eré, ẹnì kan sì wá gbé pátákó sí ẹnubodè, ó kọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn sí i bí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ogun. N ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ òkò. Mo kàn mọ̀ pé àwọn tó ń mú èrò káàkiri òkè ti sọ ọ́ di àṣà: ẹni tó bá dé ẹnubodè, kó mú òkò kan kó fi lu ọ̀dàlẹ̀. Àwọn míì ń bọ́ bàtà lù ú. Ojú ọkùnrin inú òkúta náà ti fọ́, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó ṣe é rí.

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ ọdún fi jókòó, ọmọ Nimbhore sì ni alága wọn. Wọ́n ní Ìyá Kusarai ò lè máa kí ọ̀dàlẹ̀. Anusaya dìde láti ibi tó jókòó sí nílẹ̀, ó ní irọ́ ni ìwé yẹn pa. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Lọ́dún yẹn, wọ́n gbé ìtẹ́ kọjá níwájú rẹ̀ láìdúró, bẹ́ẹ̀ ó ti tan fìtílà sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń dáhùn ohun tí ẹnì kankan kò bi í. Ẹ máa jáde, ẹ padà wálé. Ìlù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Rajwalkar wá gba òdòdó ọlá lọ́rùn ní ọjà ọdún, Anusaya fọ sárì rẹ̀ funfun, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn pèpéle títí ọkùnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo bá a lọ. Ó sọ ìtàn orin náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ó dúró gbọ́, kò kanra. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, ìtàn àròsọ lèmi kọ o. Èmi ò sọ pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín." Ó pa ọwọ́ pọ̀ kí i, ó wọ mọ́tò. Ìtàn àròsọ! Òkò tí wọ́n ń sọ, ṣé àròsọ ni òun náà? Mo fẹ́ sá tẹ̀lé mọ́tò náà kí n béèrè, Anusaya dì mí lápá mú.

Ẹ lè wí pé àwọn èèyàn tirẹ̀ ńkọ́? Àdúgbò rẹ̀ ti di ẹlẹ́sìn Buddha látijọ́, wọ́n ti kó òrìṣà wa dà sódò, wọ́n sì ti kọ gbogbo iṣẹ́ ẹrú tí ìlú ń fi wọ́n ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gbóná, wọ́n mọ̀wé, wọ́n ń sọ pé àwọn á gbé ọ̀rọ̀ pátákó yẹn lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òróró ò gbọdọ̀ kan òkúta mọ́, pé kí ló kan àwọn pẹ̀lú ìtẹ́ òrìṣà àwọn tí kì í jẹ́ kí ìran àwọn mu omi. Olórí wọn wá bá a, ó ní, "Ìyá, ẹ ń tì wá lójú." Ọmọ náà ò burú, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Anusaya ní òun gbọ́, ó sì tún gun òkè. Láti ìgbà náà, wọn kì í yà kí i mọ́. Ìlú ń pè é ní ìyàwó ọ̀dàlẹ̀, àdúgbò rẹ̀ ń pè é ní ẹrú. Ọjọ́ mìíràn wà tí n ò bá ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹnì kankan tó máa bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Sandesh ń pè é lórí fóònù. Ọmọ rere ni, n ò ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pa orúkọ dà. Kì í ṣe Veskar mọ́, Satarkar ni, orúkọ tí kò sọ nǹkan kan ju pé apá Satara lo ti wá. Ó ní ní ilé tó ń gbé, bí wọ́n bá mọ ìran rẹ̀, wọn ò ní lé e, wọ́n kàn máa dákẹ́ ni bó bá ti wọlé. Ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí Pune nígbà kan. Aládùúgbò wá kí i, ó béèrè pé, "Màmá, ilé ta ni yín?" Kí Anusaya tó lanu, Sandesh ti fi Satarkar dáhùn fún un. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń jẹ dídùn, ó ń wo tẹlifíṣàn, kò lanu níwájú àlejò. Ó padà wá sílé, ó sọ fún mi pé ilé ọmọ òun tutù, omi ń jáde lára ògiri bí ẹ bá ti yí nǹkan kan. Ó ní orin ọlọ ti há òun lọ́fun níbẹ̀, òun ò ríbi kọ ọ́.

Ọmọ Sandesh obìnrin, Sanika, ni Anusaya fẹ́ràn jù láyé. Ní Pune, ọmọ náà ń sùn mọ́ ọn lára, ó ń fi ọwọ́ kó ìka rẹ̀ jọ. Kò mọ abúlé wa, bàbá rẹ̀ kò mú un débí rí. Nígbà tí orúnkún Anusaya bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ Ọlọ́run fún: kí Sanika dé ibi òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí òun fi òróró sí i lọ́wọ́, kó mọ ẹni tó bí i. Ó ní obìnrin ilé Yesnak ló gbọ́dọ̀ da òróró náà, bí òun bá sì kú, ó tán nìyẹn. Ó ń bẹ Sandesh. Sandesh ń sọ pé, "Ọdún tó ń bọ̀, Ìyá, kó dàgbà díẹ̀." Mo sọ fún un pé èmi lè máa bá a da òróró náà nígbà tí kò bá lè gòkè mọ́. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Rakhma, o ṣeun. Kì í ṣe tìẹ." Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọ̀wọ̀ Dasara lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ọjọ́ tí òṣùpá kò bá yọ ló ń gòkè. Á kọ́kọ́ kó òkò kúrò lórí òkúta, á dà wọ́n sínú àfonífojì, kó tó da òróró. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìgbà òtútù ni, mo ti gbé ìkòkò tíì mi gòkè torí àkókò yẹn ni iléèwé máa ń kó ọmọ wá. Bọ́ọ̀sì kan gúnlẹ̀ láti Pune. Awakọ̀ ní odi mìíràn làwọn ń lọ, pé torí wọ́n ń tún afárá ṣe lójú ọ̀nà làwọn ṣe yà sọ́dọ̀ wa.

Àwọn ọmọ tò gòkè, wọ́n ń hó. Olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin kan tó rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ka ohun tó wà lára pátákó fún wọn, ó ní kí kálukú mú òkò kan, kó fara balẹ̀, kó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Anusaya ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn òkúta, ó ti kó òkò tán, ó ń da òróró sí i lára. Ó ti mọ́ ọn lára, á dúró kí wọ́n sọ tiwọn tán. Wọ́n ń sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó di irun méjì, tó wọ síkẹ́ẹ̀tì iléèwé aláwọ̀ búlúù, dúró, ó fojú sùn ún, ó sọ tirẹ̀, òkò náà sì balẹ̀ sí àyà ọkùnrin inú òkúta náà gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Anusaya gbójú sókè láti wo ọmọ tó mọ òkò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà pariwo pé, "Àjì!" Bí ọmọ ilẹ̀ wa ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn. Ó sáré, ó dì mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, òróró ṣì ń kán lára ọwọ́ náà. N ò rí Sanika rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ojú Anusaya ló wà níwájú orí rẹ̀.

Olùkọ́ ní, "Sanika, o mọ màmá yìí ni?"

"Ìyá bàbá mi ni, míìsì."

Ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní àṣé ìyá àgbà Sanika ló ń bọ ọ̀dàlẹ̀. Ẹlòmíì náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òróró, ó ń wo òkúta, ó tún wá ń wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń tún un kà. Mo mọ irú ìwò yẹn. Bí ìyá ọkọ mi ṣe ń wo ìkòkò nìyẹn.

Anusaya náà rí i. Ó wo ọmọ náà dáadáa, ó wò ó pẹ́, mo rò pé ìwò ìkẹyìn láyé ló ń wò ó. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ó ní, "N ò mọ̀ ọ́n rí."

"Àjì, èmi ni."

"Ọmọ dáadáa, ẹlòmíì lo fi mí pè. Gbogbo arúgbó ló jọra. Máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ lọ."

Mo lanu, ó yíjú sí mi, mo sì pa á dé. Olùkọ́ mí kanlẹ̀, ó ní ó ti rẹ ọmọ náà ni, oòrùn ló ń pa á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Sanika ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń pe ẹni tí kò mọ̀ ní ìyá, yẹ̀yẹ́ ọmọdé lásán, èyí tí wọ́n á gbàgbé kí wọ́n tó dé Pune. Ó ń rìn lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn, kò sunkún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ, Anusaya kó àwọn òkò jọ bó ṣe máa ń ṣe, ó dà wọ́n sí àfonífojì. Èyí tí Sanika sọ nìkan ló mú kúrò, ó dì í sí etí sárì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da ìyókù òróró sórí òkúta, a jọ sọ̀ kalẹ̀, ó ń di èjìká mi mú torí orúnkún rẹ̀.

Mo fún un ní tíì ní ìsọ̀ mi, nínú ife tí èmi fúnra mi fi ń mu. Inú ń bí mi burúkú. Mo ní ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún látọjọ́ yìí, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá a, ó wá lé e lọ. Mo ní irú ìyá wo nìyẹn, ṣé àárẹ̀ ti mú un lórí ni?

Ó mu tíì náà tán. Ó ní, "Rakhma, ṣé kí n wá ṣílẹ̀kùn fún wọn ni?"

Ó fi ife lélẹ̀, ó gbé ìgò òróró rẹ̀ tó ti ṣófo. Ó dé etí ọ̀nà kó tó dúró.

"Ó kan ọwọ́ ẹ̀," ló wí. "Òróró yẹn. Ṣé o rí i?"

Mo ní mo rí i. Ó mi orí, ó gba ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ lọ, sí ilé tí kò sí ẹni tó ń dúró dè é.